Táyà Tó Kọ̀ Tí Kò Yí

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ìparí sáà ìwé bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ yà sí àgbègbè Ọjà Ọba, ẹ kò ní pẹ́ rí òbí tó ń ná ìgbálẹ̀ kékeré, abẹ̀bẹ̀ tàbí apẹ̀rẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò sí ilé tí ìgbálẹ̀ tó kéré tó yẹn lè gbá. Ilé ìwé ló ń lọ. Tíṣà ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, òbí gba ọjà lọ, ó ná an, ó sanwó, ọmọ gbé e dé kíláàsì, wọ́n fún un ní máàkì, wọ́n sì kó o sí igun yàrá pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Kì í ṣe irọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń dùn mí. Òbí tó kúrò níbi iṣẹ́ ní Alágbàka ní ìrọ̀lẹ́, tó ṣì ní ọbẹ̀ láti sè, tí ọmọ wá sọ fún un ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ pé òun gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ ọwọ́ lọ ní ọ̀la, kí la fẹ́ kó ṣe? Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé: ká ní ọmọ náà ló ṣe é fúnra rẹ̀, kí ni ì bá ti rí gbà tí èyí tí a rà kò lè fún un?

Àwọn ènìyàn máa ń yára dáhùn. Wọn á ní ọpọlọ ọmọ yóò jí, wọn á ní yóò mọ iṣẹ́ ọwọ́, kò ní máa tẹ fóònù ṣáá. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ó dà bí ẹni tí a bi pé kí ló wà nínú ọbẹ̀ tó ní "ó dùn". Mo fẹ́ mọ ìṣẹ́jú gan-an tí ẹ̀kọ́ náà wọlé, àti ẹnu ọ̀nà tó gbà. Bí mo ṣe ń rò ó síwájú sẹ́yìn, mo wá rí i pé ìṣẹ́jú náà wà lóòótọ́, àti pé kì í ṣe ìgbà tí iṣẹ́ parí tó sì rẹwà. Ìgbà tó kọ̀ ni.

Páálí, ìdérí ìgò àti igi súyà

Ọkọ̀ páálí ni mo máa fi ṣàlàyé, torí pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe é, ohun tí a fẹ́ dà nù ló sì pọ̀ jù nínú èèlò rẹ̀. Ẹ wá páálí tó le díẹ̀, irú èyí tí tíì máa ń wà nínú rẹ̀, kí ẹ gé e bí àpótí kékeré tí orí rẹ̀ ṣí, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì fẹ̀ tó 7. Ẹ wá ìdérí ike mẹ́rin láti orí ìgò omi tàbí mínírà, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ irú kan náà. Igi tí wọ́n fi ń gún súyà méjì, kí ẹ ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ tó mú dànù. Sitiró kan, ìṣó kan, rúlà, pẹ́ńsù, gọ́ọ̀mù díẹ̀, àti sísọ́ọ̀sì tí orí rẹ̀ kò ṣóńṣó.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, má ṣe jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkun ọkọ̀ ní ọ̀dà, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Ẹ fi ìdérí lé bébà, ẹ fi pẹ́ńsù yí i po, ẹ gé bébà roboto náà. Kí ọmọ ká a sí méjì, kó tún un ká sí méjì lẹ́ẹ̀kejì, kó wá tú u. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín. Kó fi bébà yìí lé ìdérí, kó sì fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ọmọ tó bá fi ojú lásán wá àárín sábà máa ń fi mìlímítà 2 tàbí 3 ṣì í, táyà rẹ̀ yóò sì máa tiro bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Ẹ má tíì sọ fún un.

Àgbà ló máa lu ihò. Ẹ fi ẹ̀mú di ìṣó mú, ẹ yá a lórí iná àbẹ́là, ẹ fi gún àárín ìdérí náà, ìta gbangba sì ni kí ẹ ti ṣe é nítorí òórùn ike tó ń jó. Kí ìṣó náà tín-ín-rín ju igi súyà lọ díẹ̀. Ihò gbọ́dọ̀ fún igi mọ́ra pinpin tí a ó fi ní láti ti igi náà wọlé, nítorí bí ihò bá gbà á fàlàlà, igi yóò máa yí, táyà yóò sì dúró sójú kan.

Ó wá ku ibi tí ọ̀pá táyà yóò gbà. Níbí ni ìṣirò wà. Ìdérí ìgò fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3, èyí tó já sí pé láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ 1.5. Bí ọmọ bá lu ihò ọ̀pá sí ibi tó fi sẹ̀ǹtímítà 2 ga ju ìsàlẹ̀ páálí lọ, ikùn ọkọ̀ ni yóò kanlẹ̀, táyà kò ní tó ilẹ̀ rárá. Mìlímítà 7 sí ìsàlẹ̀ ló dára. Kó wá wọn sẹ̀ǹtímítà 3 láti iwájú ní apá òsì, kó wọn 3 ní apá ọ̀tún pẹ̀lú, kó sì ṣe bákan náà láti ẹ̀yìn. Bí òsì bá jẹ́ 3 tí ọ̀tún jẹ́ 3 àti ààbọ̀, ọkọ̀ náà yóò máa yà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí láé, kò sí bí a ṣe lè tì í tí yóò fi lọ tààrà.

Ẹ gé sitiró sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, kó lè yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyọjú yìí ló ń mú kí táyà má ṣe fara ha páálí. Ẹ ti sitiró gba inú ihò, ẹ fi gọ́ọ̀mù mú un mọ́ páálí, ẹ ti igi súyà tó gùn tó 11 gba inú sitiró, ẹ wá ti táyà bọ igi náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí sitiró kò bá sí nílé, ara báírò tí a ti yọ tádàwá inú rẹ̀ ṣeé lò. Àwọn ọmọ tí igi ìbẹ́pẹ wà lẹ́yìnkùlé wọn lè lo ọ̀pá ewé rẹ̀ tó ní ihò nínú. Yóò ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọjọ́ kìíní, àmọ́ bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, á ti rọ, á sì lẹ̀ mọ́ igi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa rí ní ọjọ́ kẹta yẹn tó ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀.

Ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kọ̀

Gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yìí ni ọ̀nà tó tọ́. Ọmọ tí a kò là á sílẹ̀ fún kì í gba ọ̀nà yìí. Bí ẹ bá kó èèlò náà lé e lọ́wọ́ tí ẹ kàn ní kó ṣe ọkọ̀ tó lè rìn, ohun tí yóò ṣe sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà: yóò da gọ́ọ̀mù sí igi súyà, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ páálí gbagidi, yóò da gọ́ọ̀mù sí ìdérí, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dúró digbí. Tí ẹ bá gbé e sórí tábìlì, ọkọ̀ tó pé pérépéré ni.

Kò sì yà mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan, kí ohun tó ń ṣe má baà tú ni làálàá rẹ̀. Ó to búlọ́ọ̀kù, ó wó. Ó so okùn bàtà, ó tú. Ó lẹ àwòrán mọ́ ìwé, ó ṣí. Nínú òye tirẹ̀, iṣẹ́ tó dára ni iṣẹ́ tó mọ́ra. Ó wá fi òye yìí ṣe ọkọ̀.

Ó gbé e sílẹ̀, ó tì í. Ọkọ̀ náà fà wẹ̀rẹ̀ lórí símẹ́ńtì bí sílípáàsì tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ta. Ó rìn ni tàbí kò rìn? Ó kúrò níbi tó wà, àmọ́ táyà kò yí. Ọmọ náà mọ̀ pé nǹkan kan kù, kò sì tíì lè dárúkọ rẹ̀. Ó tún un tì, ó fi agbára kún un. Táyà kan ṣí dànù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè gbọ́ òwe yìí yé bí páálí yẹn ṣe máa là á yé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ìṣẹ́jú tí mò ń sọ. Yóò gbójú sókè wo ẹni tó bá wà nítòsí: "Mọ́mì, kò yí." Bí ẹnikẹ́ni kò bá sáré dá a lóhùn, yóò dá ọkọ̀ náà dojú dé. Yóò fi ìka yí táyà tó kù. Táyà kò yí, igi kò yí, páálí nìkan ló ń mì. Yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lójijì, yóò rí ohun tí kò rò rí láyé rẹ̀: pé nǹkan kan ní láti tú kí ọkọ̀ tó lè rìn. Pé mímọ́ra níbi gbogbo gan-an ni àṣìṣe.

Kò tíì tán o. Ohun tó sábà máa ń ṣe tẹ̀lé e ni pé yóò tú gbogbo rẹ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù lára igi mọ́, kò sí lára táyà. Ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, táyà méjì já sí abẹ́ àga. Ìgbà yìí ni ìbéèrè gidi tó dé: ibo ló gbọ́dọ̀ le, ibo ló gbọ́dọ̀ dẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ méjì, méjèèjì ló sì tọ̀nà. O lè jẹ́ kí táyà le mọ́ igi, kí igi máa yí nínú sitiró. O sì lè lẹ igi mọ́ páálí, kí táyà máa yí lórí igi, tí o ó fi okùn wé orí igi kí táyà má baà já. Bí a bá fi sílípáàsì àtijọ́ gé táyà, ọ̀nà kìíní ló rọrùn, torí pé rọ́bà náà máa ń di igi mú fúnra rẹ̀.

Ohun kékeré kọ́ ni ọmọ náà mú lọ yìí. Ẹ wo ìlẹ̀kùn ilé yín: irin tó dè é le mọ́ igi, ó sì ń yí lórí ọ̀pá àárín rẹ̀. Bárò tí àwọn alábàárù ń tì lọ́jà, èyí tó ń ké gbì-ìn gbì-ìn láti òkèèrè, ohun tó yẹ kó dẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń le. Tẹ́lọ̀ tó rán aṣọ mọ́ ènìyàn lára láìfi àyè sílẹ̀ lábẹ́ apá mọ̀ pé bí oníbàárà bá gbọ́wọ́ sókè, aṣọ á ya. Mẹkáníìkì tó fún nọ́ọ̀tì kan jù mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ti rí i lára páálí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára ìlẹ̀kùn, ó sì lè máa ṣí i, kó máa tì í, títí tí ariwo yóò fi sú yín.

Ọwọ́ tó ń yá jù

Ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún kì í pẹ́. Ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ àgbà sì máa ń wọlé. "Mú un wá kí n bá ọ ṣe é." Àgbà náà gba ọkọ̀, ó ya igi kúrò, ó fi sitiró sí i, ó dá a padà. Ó yí. Ọmọ dúpẹ́. Ìṣẹ́jú náà ti lọ, kò sì ní padà lórí ọkọ̀ yẹn mọ́.

A ní òwe tí a fi ń dá ara wa láre: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ orí ọmọ tuntun ni òwe wí, kò wí táyà páálí. Táyà tó wọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Òwe tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju ìyẹn lọ ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wà tí ó jẹ́ ti àgbà nìkan: yíyá ìṣó lórí iná, lílo abẹ, gígé agolo. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ agolo sadíìnì dípò páálí, ẹ̀yin ni kí ẹ fi òkúta tẹ etí agolo náà wọnú yí po kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án, torí etí rẹ̀ ń gé ènìyàn bí abẹ ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kò ní ohun tó ń ṣe pẹ̀lú agolo tí a gé sí wẹ́wẹ́. Gúlúù tó ń mú nǹkan lójú ẹsẹ̀, tó lè lẹ ìka méjì pọ̀, kò yẹ kó wà nítòsí wọn rárá.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ fi ọwọ́ lẹ́yìn. Bí ọmọ bá ní "kò yí", ẹ bi í pé: "Kí ló ń yí níbẹ̀? Kí ni kò yí?" Tó bá ti dáhùn, ẹ dákẹ́. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí omijé sì ti ń bọ̀, ẹ gbé ohun mìíràn tó ń yí síwájú rẹ̀, bárò tàbí kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, kó fi ìka kàn án. Ìyẹn ti tó ìrànlọ́wọ́. Ohun tó burú jù ni kí ẹ máa yìn ín pé "ó rẹwà gan-an!" nígbà tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Ọmọ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ kò wò ó dáadáa.

Kàlẹ́ńdà, ẹ̀kọ àti amọ̀

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀ tó ti ń kọ̀. Fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, ẹní bébà ló dára. Kò sí ilé Yorùbá tí kàlẹ́ńdà ìnáwó àná kò sí lára ògiri. Bébà rẹ̀ le, ó sì ń dán. Ẹ gé e sí ọ̀já tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, mẹ́jọ lóròó, mẹ́jọ níbùú, kí ẹ sì lẹ orí àwọn ti òòró mọ́lẹ̀. Ọ̀já kìíní gba abẹ́, ó gba òkè, ó gba abẹ́. Ìkejì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ ìkejì láti abẹ́ bíi ti ìkíní yóò rí i pé ọ̀já méjèèjì rọra yọ̀ pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni, kò sí ohun tó dì í mú. Tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wí lábẹ́lẹ̀ pé "abẹ́, òkè, abẹ́, òkè". Ní kíláàsì, wọ́n á wá pè é ní iye tó ṣeé pín sí méjì àti èyí tí kò ṣeé pín.

Ẹ̀kọ sítáàṣì tí a fi ń lẹ bébà àti káìtì ní ìwà tirẹ̀. Síbí ìjẹun mẹ́ta sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ìdajì ife omi tútù, ife omi híhó kan. Omi tútù ni a ó fi pò ó kó tó kan omi híhó. Ọmọ tó bá da ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú omi híhó yóò rí kókó bí ẹyin aláǹgbá, kò sí ìrò tó lè tú u mọ́. Ìyá rẹ̀ tó ń ro àmàlà lè sọ ìdí rẹ̀ fún un ju tíṣà lọ. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń fi ẹ̀bà lẹ káìtì. Ó ń mú, àmọ́ ó ń wúwo, eku sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kọ tí kò bá tán ní ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, yóò kan.

Amọ̀ ló ń kọ́ sùúrù, mo sì mọ̀ pé òun ni àwọn òbí kórìíra jù nítorí ìdọ̀tí. Ẹ má lọ wa á létí odò Àlà láàárín ìlú, ìgò fífọ́ àti pàǹtírí pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ òkìtì ikán tó ti kú dára. Ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Ọmọ lè fi ìka dán an wò: kó yí i gbọọrọ bíi pẹ́ńsù, kó ká a mọ́ ìka rẹ̀. Bí kò bá sán, ó ti tó. Bí ó bá sán, omi ló kù ún tàbí iyanrìn ti pọ̀ jù. Ara ohun tí a bá mọ kò gbọdọ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, bó bá sì jẹ́ orí ẹran tàbí ènìyàn ló mọ, kó gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ibi tí ọmọ ti ń pàdánù ni etí àti ìrù. Ó mọ ara, ó mọ ìrù lọ́tọ̀, ó tẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n dúró. Ní ọ̀la, ìrù ti já sílẹ̀. Fọ́ọ̀kì ni a ó fi họ ojú méjèèjì, kí a fi amọ̀ olómi kùn ún, kí a tó tẹ̀ wọ́n pọ̀.

Àsìkò náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìparí sáà kẹta máa ń bọ́ sí àárín òjò, amọ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó gbẹ dénú. Ìparí sáà kìíní bọ́ sí ọyẹ́, ojú amọ̀ yóò gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ, yóò sì sán, àfi tí a bá fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá ṣe é ní ìgbà méjèèjì ti kọ́ nípa afẹ́fẹ́ ìlú rẹ̀. Ẹ má sì sun ún nínú iná nílé o. Amọ̀ tí omi kù nínú rẹ̀ máa ń bú gbàù. Gbígbẹ ti tó fún ọmọ.

Nígbà tí Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ inú ilẹ̀, wa ilẹ̀ ní Ìgbó Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní 1971, orí àti ara amọ̀ tó jáde níbẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún 15. Amọ̀ sísun ni. Ẹni tó mọ wọ́n ti mọ bí a ṣe ń ṣe é tí iná kò fi ní fọ́ ọ, mi ò sì rò pé ọjọ́ kan ló kọ́ ọ. Ìrù àti etí mélòó ni yóò ti já lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ọ̀gá?

Ohun tí máàkì ń wọ̀n

Mo padà sí ìgbálẹ̀ ọjà. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun tuntun nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́ta ní girama, mẹ́rin ní yunifásítì) ní 1982, ara ohun tí wọ́n sọ pé ó wà fún ni kí ọmọ lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan. Lónìí, ó wà lábẹ́ Cultural and Creative Arts tí àwọn ọmọ ń pè ní CCA. Ìwé kò ṣẹ̀. Ohun tí a ń wọ̀n ló ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹwà ni tíṣà fi ń fúnni ní máàkì, alágbọ̀n ọjà yóò máa gba ipò kìíní lọ́dọọdún, ó sì tọ́ sí i, ogún ọdún ló ti fi ń hun agbọ̀n.

Tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ kún kò lè jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo gbà. Ó kúkú lè bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó kọ máàkì: "Kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́, báwo lo sì ṣe tún un ṣe?" Kò gba ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ọmọ tó ṣe é yóò rojọ́ títí tí ẹ ó fi ní kó jókòó. Ọmọ tí wọ́n rà á fún yóò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí tíṣà sì ní kí wọ́n kó èyí tó bàjẹ́ wá pẹ̀lú èyí tó dára. Ìgbálẹ̀ tó tú, táyà tó tiro, ìrù amọ̀ tó já: kò sẹ́ni tó ń ta ìyẹn lọ́jà.

Nǹkan kan tún wà tó ń bí mi nínú díẹ̀. Wọ́n á ní kí obìnrin mú ìgbálẹ̀ àti aṣọ rírán wá, kí ọkùnrin mú ọkọ̀ àti ìlù agolo. Ta ló ní ọ̀pá táyà kò kan obìnrin? Ọkùnrin tó bá sì ti gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ lẹ́ẹ̀kan rí, tí okùn rẹ̀ ta kókó lábẹ́ aṣọ nítorí pé ó fà á gùn jù, yóò mọ ìdí tí tẹ́lọ̀ fi ń gé okùn tí kò gùn ju apá rẹ̀ lọ.

Pákó tó dagun

Bí ọkọ̀ bá ti ń yí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ wá pákó tó gùn tó mítà kan, ẹ gbé orí rẹ̀ kan lé agolo mílíìkì kan, kí orí kejì wà nílẹ̀. Ọmọ á gbé ọkọ̀ sí òkè, á kàn fi í sílẹ̀ ni, kò ní tì í. Ibi tó bá dúró, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀, kó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó yẹ kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí pé iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní bára mu, yóò sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, agolo méjì. Lẹ́yìn náà, òkúta kékeré nínú ọkọ̀. Kí ẹ má sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún un. Kó kọ́kọ́ kọ ohun tí òun rò sílẹ̀ kó tó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà á sọ̀ kalẹ̀, á sáré gba orí símẹ́ńtì kọjá, á rọra yà sí òsì, á sì wọ abẹ́ àga lọ. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ lẹ́yìn dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà kò ní pe ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Yóò rá wọ abẹ́ àga, yóò fa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, yóò dá a dojú dé, yóò sì na ọwọ́ mú rúlà.